Láti Ẹ̀bútè dé Ìyànà: Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò Nínú Ìtàn Èkó

Ìfáàrà

Púpọ̀ nínú ìtàn Yorùbá tí ó wà nínú ìwé, ìtàn ìlú ńlá ni. Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Èkó ni àwọn òǹkọ̀wé ń tẹ̀ lé láti orí ogun dé orí oyè. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, Ọ̀yọ́ ni ó gbà á lọ́kàn jù. Ààyè tí ó fi sílẹ̀ fún àwọn Àwórì kò tó nǹkan. Abúlé tí kò ja ogun ńlá, tí òkìkí ọba rẹ̀ kò sì kan dé òkè òkun, kì í pẹ́ kí ó tó di gbólóhùn kan péré lábẹ́ orúkọ ìlú mìíràn.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò: Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé omi ni Ọ̀jọ́ kọjú sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, oko ni Ìbà sì kọjú sí, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba la títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ní ẹ̀wádún 1970, ẹ̀yìn ìlú ni títì náà gbà. Láti ìgbà náà ni ẹ̀yìn ti di ojú, tí ojú sì ti di ẹ̀yìn. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ agbègbè yìí lónìí, orúkọ tí títì fún un ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọmọ tí a bí sí etí títì náà lè kàwé títí dé yunifásítì kí ó má tilẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè pé ibo ni à ń yà sí kí a tó máa pe ibì kan ní Ìyànà-Ìbà.

Àwọn Àwórì àti ojú omi

Ìtàn àtẹnudẹ́nu tí gbogbo Àwórì jọ ń sọ ni pé Ògúnfúnminírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì gbé àwo lé ojú omi kí ó lè máa tọ́ ọ sọ́nà. Ibi tí àwo náà bá ti dúró ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń dúró. Nígbà tí wọ́n dé Ìṣẹ̀rí, ní etí odò Ògùn, àwo náà rì. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, "Àwo ti rì," láti inú èyí ni orúkọ Àwórì sì ti jáde. Láti Ìṣẹ̀rí ni àwọn ọmọ Àwórì ti fọ́n ká lọ sí Ọ̀tà, sí Ìdó, sí Èkó àti sí apá ìwọ̀-oòrùn.

Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí, wọn a ní àwo kò lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. A kò ka ìtàn àwo sí àwòrán ilẹ̀ tí a lè fi wọn máìlì. Ẹ̀rí ohun tí àwọn Àwórì rò nípa ara wọn ni: ènìyàn tí omi darí, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí ibi tí omi bá ti dá wọn dúró. Bí a bá fi ojú yìí wo Ọ̀jọ́, ìdí tí ìlú náà fi wà níbi tí ó wà yóò yé wa.

Láàrin òkun àti ilẹ̀ gbígbẹ ní apá ibí yìí, ọ̀sà kan wà tí ó gùn láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ìgbì òkun ní etíkun wa le púpọ̀, ọkọ̀ kékeré kò sì lè fi ṣeré. Ọ̀sà ni ó jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ lè ru ẹrù láti Èkó dé Àjàṣẹ́ láìfojú kan ìgbì. Òpìtàn Robin Law ti fi àpilẹ̀kọ kan tí ó gbé jáde ní ọdún 1983 fi hàn pé ìṣòwò ojú ọ̀sà yìí wà lára ohun tí ó sọ Èkó di ìlú alágbára kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó wọlé. Etí ọ̀sà yìí, ní ìhà àríwá, ni Ọ̀jọ́ wà. Ọkọ̀ ọjà tí ó ru iyọ̀, ẹja, aṣọ àti epo pupa, ọkọ̀ ogun pẹ̀lú, iwájú Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí ó ru ẹrú, a kò sì gbọdọ̀ yọ ìyẹn kúrò nínú ohun tí a ń kọ́ ọmọ, nítorí Àgbádárìgì tí omi náà ń lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọjà ẹrú tí ó burú jù ní etíkun yìí ni. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè ní ọdún 1845, Àgbádárìgì ni Akíntóyè wá fi ṣe ibi ìsádi. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dọ́rẹ̀ẹ́, tí ọ̀rọ̀ náà fi di ìkọlù Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851.

Ìbà kò sí ní etí ọ̀sà yìí. Ó wọ inú ilẹ̀ lọ díẹ̀ ní ìhà àríwá, ìlú àgbẹ̀ sì ni. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀pẹ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlú méjèèjì ní ọba tirẹ̀, Ọlọ́jọ́ ní Ọ̀jọ́ àti Oníbà ní Ìbà. Àwọn Ègùn ni aládùúgbò wọn ní ìwọ̀-oòrùn, ìfẹ́ra-ẹni àti ọjà sì ti pa wọ́n pọ̀ tipẹ́tipẹ́, débi pé ẹni tí ó gbọ́ Ègùn àti Àwórì pọ̀ kì í ṣe ẹni àrà ọ̀tọ̀ ní agbègbè náà.

Lábẹ́ ìjọba wo?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, wọ́n sì gba Àgbádárìgì mọ́ ọn ní ọdún 1863. Láti ìgbà náà ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà ti wà lábẹ́ ìṣàkóso tí ó ń wo Àgbádárìgì. Nígbà tí a ya ìlú Èkó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1954, Ẹkùn Àgbádárìgì ṣẹ́kù sínú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Ará Ọ̀jọ́ tí ó lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọjà Èkó kí ó sì padà wálé, Ìbàdàn ni òfin rẹ̀ ti ń wá.

Ìyàtọ̀ yìí ní èrè tirẹ̀ tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ mọ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ìlú Èkó fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ títí di ọdún 1957. Nítorí náà, ètò náà ti dé abúlé Ọ̀jọ́ àti Ìbà ní ọdún méjì kí ó tó dé Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ẹkùn Àgbádárìgì sì di ọ̀kan nínú ẹkùn márùn-ún rẹ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ jáde láti inú Àgbádárìgì ní ọdún 1989. Ní ọdún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ tún pín in, Ìbà sì di ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Òtò-Àwórì.

Títì márosẹ̀

Owó epo rọ̀bì ni ó wà nídìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ní Èkó ni a ti bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn ECOWAS ní oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ìjọba Nàìjíríà fẹ́ títì tí yóò gba etíkun lọ sí Cotonou, Lomé àti Accra, títì Èkó sí Àgbádárìgì sì ni ìpín tiwa nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà kan ti wà tẹ́lẹ̀. Òun ni a ṣì ń pè ní Old Ojo Road títí di òní. Ọ̀nà tí ó ń lọ sí ìlú ni ọ̀nà àtijọ́ yẹn, ó sì ń jẹ́ orúkọ ìlú tí ó ń lọ. Títì tuntun kò ń lọ sí Ọ̀jọ́. Ó ń kọjá ni.

Ilẹ̀ etí títì náà kò pẹ́ kún. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn ribiti tí àwọn ènìyàn wa sọ ní ìjàpá. Ní ọdún 1977, a kọ́ FESTAC sí ìhà Èkó títì náà fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo àgbáyé. Ní ọdún kan náà ni Trade Fair ṣí ìlẹ̀kùn. Àwọn ológun ní bárékè ńlá wọn ní Ọ̀jọ́. Ní ìparí ẹ̀wádún náà, àwọn oníṣòwò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kó wá sí ilẹ̀ Ọ̀jọ́, ọjà Alábà sì di èyí tí àwọn ará Ghana, Benin àti Cameroon ń wá ná. Ibẹ̀ náà ni a ti ń pín fíìmù àgbéléwò kiri Áfíríkà ní ayé fọ́nrán àti ti àwo CD. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Alábà Rago wà, níbi tí àwọn ará Òkè Ọya ti ń ta àgbò.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìjọba nìkan ni ó jẹ ilẹ̀ àwọn Àwórì tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé tí ó ta oko kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọmọ onílẹ̀ tí ó ń gba owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé àti owó fẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni kan náà, àwọn pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó ni ó mú kí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ààbò dúkìá ní ọdún 2016.

Àwọn ará Jámánì ti fi ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ tipẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lónìí kò wọ ìjàpá rí, ṣùgbọ́n Vóòksì ni ibùdókọ̀ náà ń jẹ́ síbẹ̀. Ọ̀nà tí ó wọ inú ìlú lọ, tí ó ń jẹ́ Ọlọ́jọ́ Drive, ni ó ṣì ń rán èrò létí pé ọba kan wà nítòsí.

Ohun tí à ń pè ní ìyànà

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Yà àti ọ̀nà ni ó di yànà, ìyẹn ni pé kí ènìyàn fi ọ̀nà kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Ìyànà sì ni ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá gba títì Àgbádárìgì yóò kọjá ní Ìyànà-Ìbà, Ìyànà-Ẹra àti Ìyànà-Ìsàṣí. Ibi tí ó ń jẹ́ Ìbà gan-an, Ẹra gan-an àti Ìsàṣí gan-an wà nínú, èrò ọkọ̀ kì í sì í rí wọn. Bí a bá fi èyí wé orúkọ àtijọ́ ní Èkó, bí Ẹ̀bútè Mẹ́tta àti Ẹ̀bútè Erò, a ó rí ohun tí ó yí padà. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ ni ẹ̀bútè. Arìnrìn-àjò dé sí ẹ̀bútè, ó sì wọ ìlú. Ní ìyànà, ọkọ̀ kàn ń já èrò sílẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ èrò náà ni kò sì ní ohunkóhun í bá ìlú ṣe.

Ìyànà-Ìbà ti lókìkí ju Ìbà lọ. Ó ní ọjà, ó ní gáréèjì, ó sì ní sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ tí kì í tán. Ohun méjì ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè (1979 sí 1983) ni ó sì ṣe méjèèjì. Èkíní ni ilé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ́ sí Ìbà, tí ó kó òṣìṣẹ́ láti gbogbo ìgbèríko Èkó wá sí ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Èkejì ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ọ̀nà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ yunifásítì náà wọ Ìbà, tí ó sì gba Ìgàndò lọ sí Ìyànà-Ìpájà, so títì Àgbádárìgì mọ́ títì Abẹ́òkúta. Báyìí ni Ìbà, tí ó ti wà ní kọ̀rọ̀ rí, ṣe bọ́ sí àárín títì ńlá méjì.

A kò sọ pé èyí burú. Ọmọ àgbẹ̀ Ìbà tí ó di akẹ́kọ̀ọ́jáde LASU láìsanwó ilé gbígbé kò ní bá wa kẹ́dùn fún oko baba rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tí ó dé lẹ́yìn, tí wọ́n pọ̀ ju onílé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, kò bá ìtàn kankan pàdé ní ìyànà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí.

Omi kò sì kúrò níbẹ̀ nítorí pé a kẹ́yìn sí i. Ní oṣù Keje ọdún 2016, àwọn agbébọn wọ ààfin Ìbà, wọ́n sì gbé Oníbà, Ọba Goriola Oseni, lọ. Ọ̀nà ẹrẹ̀ àti omi ni wọ́n gbà sá lọ, inú oṣù Kẹjọ ni ọba tó gba ìtúsílẹ̀. Ìyàlẹ́nu ńlá ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ará Èkó pé ọ̀nà omi wà tí ó lè gbé ènìyàn kúrò ní Ìbà. Kò yẹ kí ó ya ẹni tí ó mọ ìtàn Àwórì lẹ́nu.

Òkòkòmáíkò

Títì ni ó sọ Òkòkòmáíkò di ńlá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò tí ń bọ̀ láti àárín Èkó ti ń ṣẹ́rí padà, ibi tí ọkọ̀ bá sì ti ń ṣẹ́rí padà, ènìyàn a máa kọ́lé síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ilé ti dínwó jù tí a sì ti lè rí ọkọ̀ wọ̀ ní ìdájí. Àwọn agbèrò ti gé orúkọ rẹ̀ kù sí Òkòkò. Ègùn, Àwórì, Ìgbò, Haúsá, Ùròbò àti àwọn ará orílẹ̀-èdè tí ó múlé tì wá ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀.

Iye wọn kò ṣe é sọ láìsí àríyànjiyàn. Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2006 sọ pé ènìyàn 598,071 ni ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, sọ pé 941,523 ni wọ́n. Èyí tí ó wù kí a gbà nínú méjèèjì, abúlé ẹlẹ́ja àti abúlé àgbẹ̀ ti bọ́ sí abẹ́ èrò tí ó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìlú ọlọ́ba ilẹ̀ Yorùbá lọ. Ní ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì náà lójú. Iṣẹ́ náà falẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ, àwọn ará Òkòkòmáíkò àti Ọ̀jọ́ ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ eruku àti ẹrẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́

Ìṣòro kí orúkọ àti ìtàn abúlé máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe tiwa nìkan. Orílẹ̀-èdè Ireland, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí bí wọ́n ti jọba lé wa lórí, ti rí irú rẹ̀. Láàrin ọdún 1824 sí 1846, àwọn awọnlẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi ẹnu Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ abúlé tí ó jẹ́ èdè Irish. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1935 láti kó ìtàn ìbílẹ̀ jọ. Owó àjọ náà kò tó láti gba òṣìṣẹ́ tí yóò dé gbogbo abúlé. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wá bẹ̀. Láàrin ọdún 1937 sí 1939, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bí 50,000 mú ìwé àti kálàmù lọ bá àwọn òbí wọn àgbà. Wọ́n bi wọ́n léèrè nípa kànga, ojúbọ, oko, ìyàn àti orúkọ pápá kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n kọ jọ tó ojú ewé 740,000, ó sì ṣì wà títí di òní.

Ní tiwa, ṣe ni a yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò nínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ láti sáà 2009 sí 2010. Ní ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a dá a padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n kàwé láàrin àkókò náà ni àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ tí à ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí. Ẹ̀yin gan-an ni.

Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Ireland ṣe kò gba owó púpọ̀. Olùkọ́ tí a bá rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Ìbà fún ìdánrawò lè fún ọmọ ní ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ sílé. Níbo ni ẹ̀bútè wà, kí ni ó sì wà níbẹ̀ báyìí? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ná ọjà? Oko ta ni ó wà níbi tí a kọ́ ilé ẹ̀kọ́ yìí sí? Kí ni wọ́n ń pe Vóòksì kí Vóòksì tó dé? Ọmọ tí òbí rẹ̀ wá láti Ìmo tàbí Kánò lè bi ẹni tí ó ni ilé tí wọ́n ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni ó lè bi òbí rẹ̀ pé ní ọdún wo ni wọ́n dé, kí ni wọ́n sì bá nílẹ̀. Ìyẹn pẹ̀lú, ìtàn Òkòkòmáíkò ni.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Ní agbègbè tí ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ oyè pọ̀ tó báyìí, ìtàn ta ni ó kọ́kọ́ dé kì í ṣe eré òṣùpá; ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ni. Bàbá méjì láti ìdílé méjì lè fi òtítọ́ inú sọ ohun tí kò bára mu. Kí olùkọ́ má ṣe bá wọn ṣe ìdájọ́. Kí ó jẹ́ kí ọmọ kọ ìtàn méjèèjì sílẹ̀, kí ó kọ ìdílé tí a ti gbọ́ ọ àti ọjọ́ tí a gbọ́ ọ, kí ó sì pa ìwé náà mọ́ sí ilé ẹ̀kọ́.

Àkókò kò sì dúró. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà tó láti rántí Ọ̀jọ́ kí títì tó dé ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Iṣẹ́ ọ̀nà rélùwéè aláwọ̀ búlúù, tí ó jẹ́ kìlómítà 27 láti Marina dé Òkòkòmáíkò, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2, ọdún náà sì ni a fi ọwọ́ sí apá kejì tí yóò wọ agbègbè tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Orúkọ àwọn ibùdókọ̀ tí ó wà nínú ètò náà lẹ́yìn Mile 2 ni Festac, Alakija, Trade Fair, Volkswagen, LASU àti Òkòkòmáíkò. Ọ̀jọ́ kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Ìbà kò sí.